Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Ìtẹ́olúwa, Tí N Kò Jẹ́

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo sọ lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Alàmísì kan. Mo ní, "Kò sí." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ba ọdún kan jẹ́ fún ọmọ tó ń pè mí ní àǹtí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, mi ò sì ní bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú yín yóò bú mi kí wọ́n tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ bú mi, ẹ̀tọ́ yín ni.

Húsnà ni orúkọ mi. Ladjifarani ní Parakou, ìlú kan ní òdìkejì ibodè Nàìjíríà, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ìyá mi, Àràmọ́tù, ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè: àǹkárá, léèsì àti ìborí àwọn obìnrin. Kò lọ ilé ìwé rí. Ìwé yòówù tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹlòmíràn ni yóò bá a kà á. Lọ́jọ́ tí mo yege nínú báàkì, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní òun ti rí ẹni tí yóò máa bá òun kàwé títí òun yóò fi kú. Ó ní kí n lọ kọ́ nípa òfin. Mi ò bi ara mi bóyá mo fẹ́ ẹ. Mo kàn ní ó dára.

Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, mo fìdí rẹmi.

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú. Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní áńfì, máa ń kún débi pé ẹni tí kò bá tètè dé á jókòó sórí àtẹ̀gùn. Olùkọ́ á wọlé, á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Faransé á sì máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Mo gbọ́ Faransé láti kékeré o, àmọ́ Faransé ti òfin yìí, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n dìídì ṣe é láti fi lé mi jáde. Kí n tó kọ gbólóhùn kan tán, wọ́n ti sọ mẹ́rin kọjá. Tí mo bá délé tí mo ṣí ìwé mi, ohun tí mo kọ kò lórí, kò nídìí.

Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe. Mo lẹ àkókò ìkàwé mọ́ ògiri. Mo ń kàwé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo ń wo àwọn ọkùnrin tó máa ń pariwo nínú fídíò pé ohun tí o bá ti fẹ́, wàá rí i. Mo fẹ́ ẹ. Mi ò rí i. Tí mo bá wo fídíò wọn tán, ara mi á gbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní wọlé, ìgbà tí màá fi mọ̀, mo ti wà níbi tí mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń we gèlè.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò mọ ohun tí mo ń kà á fún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ní ni pé ìyá mi fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo ń tún ọdún àkọ́kọ́ ṣe ni Ìtẹ́olúwa wọlé.

Ọmọ aládùúgbò wa ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, bàbá rẹ̀ sì ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Arzèkè. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, mùsùlùmí ni wá, àmọ́ ẹran Iléyá wa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ìrẹsì Kérésì wọn náà ń dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fi ọdún méjì ju Ìtẹ́olúwa lọ, "Àǹtí mi" ló sì máa ń pè mí. Èmi ni mo mú un lọ forúkọ sílẹ̀. Èmi ni mo fi áńfì hàn án, tí mo fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé hàn án, tí mo sọ orúkọ olùkọ́ tó le àti èyí tí kò le fún un.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí òun fi ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ fún mi.

Ọmọ náà kì í ṣe alágbéraga. Ká ní ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó máa ń fà mí mọ́ra ni, á ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí," á wá fi nǹkan inú ilé ṣàpẹẹrẹ fún mi títí yóò fi yé mi. Tó bá lọ tán, inú mi á bàjẹ́. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí lára, kí èèyàn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìyá mi kò mọ̀ pé òun ń fi iyọ̀ sójú egbò. Láàárọ̀, Ìtẹ́. Lálẹ́, Ìtẹ́. Ó ní Ìtẹ́ ń bá ìyá rẹ̀ dáná, ó ń fọṣọ, ó ṣì ń gba ipò iwájú. Ó bi mí bóyá ọpọlọ tèmi lọ sí ọjà ni. Nígbà tí èsì ìdajì ọdún jáde, tí Ìtẹ́olúwa gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún nínú òfin ìpilẹ̀ ìlú, tí èmi gba méje, ìyá mi kò bínú. Ó kàn mí kanlẹ̀ níwájú oníbàárà rẹ̀. Ìmí ẹ̀dùn yẹn dùn mí ju ìbínú lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di oṣù kẹfà.

Ìdánwò ìparí ọdún ti sún mọ́lé nígbà tí ìyá Ìtẹ́olúwa, tó lọ kí àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣàìsàn lójijì lọ́hùn-ún. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Ìtẹ́olúwa kó ìwé rẹ̀ sínú àpò kó lè máa kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Kó tó lọ, ó yà lọ́dọ̀ mi. Ó ní nọ́ńbà tí òun ń lò níbí kò ní ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó wá kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo fún o. Mi ò fẹ́ kí gbogbo kíláàsì máa pè mí nílé ìwòsàn. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń padà, ọjọ́ Ajé ni ìdánwò àkọ́kọ́. Tí nǹkan kan bá yí padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ohun kan wà tí mo mọ̀, mi ò sì lè parọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ yunifásítì. Ó ti ṣí ìsọ̀ kejì sí Màlàvíìlì, létí odò Ọya, ọmọ yìí ló sì fẹ́ kó lọ máa bójú tó o. Ẹ̀bẹ̀ ìyá ló jẹ́ kó gbà. Bàbá náà sọ ọ́ lójú èmi gan-an pé bí ìdánwò kan ṣoṣo bá bọ́, Màlàvíìlì yá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé ìdánwò òfin ìpilẹ̀ ìlú kò ní sí lọ́jọ́ Ajé mọ́, pé wọ́n ti fà á wá sí ọjọ́ Jímọ̀. Olùkọ́ náà ń rìnrìn àjò ni. Fàdílù, olórí kíláàsì wa, sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó wà ní áńfì. Lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé sí èmi nìkan lórí Wásáàpù. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni nọ́ńbà tí Ìtẹ́olúwa ń lò lọ́hùn-ún wà, kí n jọ̀ọ́ sọ fún un kíá kó lè rí ọkọ̀ wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àlàrùba, mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé, mo sì kọ ọ́ sórí fóònù: "Ìtẹ́, wọ́n ti fa ìdánwò wá sí Jímọ̀. Tètè máa bọ̀." Mo kọ ọ́ tán. Ó ku kí n tẹ ibi tí yóò ti lọ.

Fóònù ké lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ni. Ó ní bàbá Ìtẹ́olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìsọ̀ òun, pé ọmọ náà ń kàwé nílé ìwòsàn, pé ibi tí wọ́n ti ń fa omi sí ìyá rẹ̀ lára ló jókòó sí tó ń kàwé. Ó bi mí pé èmi tí mo jókòó sílé tí ara ìyá mi le, kí ni mo ń ṣe. Ó ní, "Tí kì í bá ṣe pé mo bí ọ, màá ní Ìtẹ́ ni mo bí," ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni.

Mo wo ohun tí mo kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá tún un kọ. Mi ò fẹ́ ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́, mo búra. Mo kàn fẹ́ kó kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ìyá mi lè pa ẹnu mọ́ nípa rẹ̀, kí n lè mí.

Ìrọ̀lẹ́ dé, mi ò kọ ọ́. Fàdílù béèrè bóyá mo ti sọ fún un. Mo kọ ọ́ padà sí i pé: "Mo ti sọ fún un. Ó ní òun ti ń múra àtibọ̀."

Ẹ wo bó ṣe yá mi lára tó. Ìwé òfin tí mi ò lè kọ ìlà mẹ́ta rẹ̀ láìṣàṣìṣe, mo kọ irọ́ yẹn láìdá ọwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ Alàmísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ìtẹ́olúwa fúnra rẹ̀ pè. Ara ìyá rẹ̀ ti ń yá. Ó ní òun ti ka orí mẹ́fà, pé orí keje ló ń le mọ́ òun lọ́wọ́. Ó kí ìyá mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé kò sí nǹkan tuntun nílé ìwé, Àǹtí mi?"

Ó ṣì lè wọ ọkọ̀ nígbà yẹn. Bó bá kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀, bó bá sun ojú ọ̀nà pàápàá, ó lè bá ìdánwò náà. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi nígbà tó ń dúró de ìdáhùn mi.

Mo ní, "Kò sí."

Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo jókòó fún ìdánwò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí agbára ààrẹ àti agbára àwọn aṣòfin. Ìtẹ́olúwa ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Ó fi bàbá, ìyá àti àwọn àgbà ilé ṣe àpẹẹrẹ, a sì rẹ́rìn-ín títí. Mo rántí ẹ̀rín náà. Mi ò rántí ibi tí àlàyé parí sí. Mo kọ ìdajì ojú ewé kan, mo jókòó, mo ń wo ẹ̀yìn orí àwọn ẹlòmíràn títí wọ́n fi gba ìwé. Ohun tí mo ṣe kò tilẹ̀ ṣe mí láǹfààní kankan.

Ọjọ́ Sátidé ló padà. Ó ra ìborí aláwọ̀ ojú ọ̀run kan bọ̀ fún mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì ju wákàtí méjì lọ tó gbé e wá tó tún padà wá, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní àwọn kan sọ fún òun pé wọ́n ti ṣe ìdánwò lánàá.

Mo ti múra irọ́ mi sílẹ̀. Mo ní ilé ni mo ti ń kàwé láti ọjọ́ Ajé, pé ìrọ̀lẹ́ Alàmísì ni Fàdílù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi, lẹ́yìn tí èmi àti Ìtẹ́ ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Mo ní mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn lójú ẹsẹ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé kò wọlé.

Ó gbà mí gbọ́. Ó ní rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, burú lọ́hùn-ún lóòótọ́. Ó jókòó sórí ẹní mi, ó sunkún, mo sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọwọ́ tó pa iṣẹ́ rẹ́ yẹn náà ni.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Ìtẹ́olúwa ní òun yóò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìdánwò náà. Ó ní ẹ̀bi Fàdílù ni, tó pẹ́ kó tó sọ. Ó ní kí n wá jẹ́rìí. Ìyá mi gbọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n lọ dúró ti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí èèyàn kan báyìí, ó ti fẹ́ kó bá ẹni kejì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá jẹ́wọ́ lọ́la. Ọ̀la máa ń di òní, màá sì tún sún un síwájú.

Wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn tí gbogbo ìdánwò parí. Akọ̀wé àgbà obìnrin kan ló gbà wá, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá Ìtẹ́olúwa, tí wọ́n ti gbé dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní dandan òun yóò tẹ̀ lé ọmọ òun wá. Ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ mú. Fàdílù dúró, ó mú fóònù rẹ̀ dání.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe tò ó: ìrọ̀lẹ́ Alàmísì ni mo gbọ́. Ohùn mi kò gbọ̀n rárá.

Fàdílù wò mí. Kò pariwo, kò bú mi. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì nà án sí akọ̀wé. Obìnrin náà ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ka ọjọ́ àti wákàtí jáde ní Faransé, ó ka ohun tí Fàdílù kọ, ó ka ohun tí èmi kọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé nọ́ńbà mi nìyẹn.

Nọ́ńbà mi ni.

Ìyá Ìtẹ́olúwa kò gbọ́ Faransé. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìtẹ́, kí ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀?"

Ìtẹ́olúwa yíjú sí i, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Ó ní, "Màámi, wọ́n ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Àǹtí Húsnà ti mọ̀. Wọ́n ní ó sọ fún Fàdílù pé òun ti sọ fún mi." Ó wá ní, "Mo sì pè é lọ́jọ́ Alàmísì, Màámi. Mo bi í léèrè."

Ìyá náà fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, ó gbìyànjú àtidìde, kò lè dìde. Ó ní, "Húsnà, ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Mo ti ń ṣàìsùn nítorí ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ náà. Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀.

Akọ̀wé ní àánú wọn ṣe òun, àmọ́ wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri lásìkò, olórí kíláàsì sì ṣe ojúṣe rẹ̀. Ó ní kí Ìtẹ́olúwa dúró de ìdánwò àtúnṣe ní oṣù kẹsàn-án. Bàbá rẹ̀ kò dúró de oṣù kẹsàn-án. Kí oṣù kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀, Ìtẹ́olúwa ti wà ní Màlàvíìlì, ó ń ta ìkòkò.

Tèmi ńkọ́? Mẹ́fà nínú ogún ni mo gba nínú ìdánwò tí mo jí gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ọdún náà, mo tún fìdí rẹmi.

Ọjọ́ tí ìyá mi gbọ́, ó pa ìsọ̀ dé lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe. Ó wọlé, ó jókòó láìtú ìborí. Mo ń dúró de ariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

Ó ní, "Mò ń fi í wé ọ kí o lè jí ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀bẹ ni mò ń pọ́n." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo fi gún un."

A lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí Ìtẹ́olúwa. Ìyá rẹ̀ ní kí a dìde. Bàbá rẹ̀ kò gbé ojú kúrò lórí ìwé ìròyìn tó mú dání. Bí a ṣe ń padà, ìyá mi ní n kò ní padà sí yunifásítì, àfi lọ́jọ́ tí mo bá lè sọ ohun tí mò ń lọ ṣe níbẹ̀ fún òun, láìdárúkọ òun àti láìdárúkọ Ìtẹ́.

Mo di aláṣọ ní Arzèkè nìyẹn. Ó lé ní ọdún kan. Mò ń ṣẹ́ aṣọ, mò ń tú u, mò ń tún un ṣẹ́. Àwọn tá a jọ wà ní áńfì máa ń kọjá, wọ́n á ní ṣé ìsinmi ni mo wà. Inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí ìyá mi, inú ń bí mi sí ara mi jù. Mo rò pé tí mo bá kúrò nídìí ìwé, ara á tù mí. Kò tù mí. Ṣe ni mo kàn gbé òfò mi láti ibì kan lọ sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Kàsìmáwò wá. Oníbàárà ìyá mi ni, arúgbó kan láti abúlé kan lọ́nà Ṣàwóro, tó ní ilẹ̀ igi kasú, ìyẹn kajú, tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ yẹn, ó mú ìwé kan dání pẹ̀lú owó aṣọ. Ó ní ọkùnrin kan fẹ́ yá ilẹ̀ òun lò fún ọdún márùn-ún, òun ń lọ tẹ̀ka sí ìwé náà lọ́sàn-án. Ó kàn fẹ́ kí n bá òun wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ ọkọ òun dáadáa.

Mo gba ìwé náà láìfọkàn sí i. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ dá a padà fún un. Ojú mi wá bá gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀, mo dúró. Mo tún un kà. Irú Faransé tí mo kórìíra yẹn ni, gígùn, lílọ́, àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò lè fojú fò ó.

Mo ní, "Ìyá, kò sí ọdún márùn-ún níbí. Wọn ò sọ pé ẹ yá a. Wọ́n ní ẹ yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún un pátápátá, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ti wá dúró lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo parí, arúgbó náà ká ìwé rẹ̀, ó fi í sínú àyà aṣọ rẹ̀. Ó gba aṣọ tó rà. Ó gbàdúrà fún mi. Kò lọ sí ibi tó fẹ́ lọ tẹ̀ka mọ́. Abúlé ló gbà lọ.

Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó sórí ìdì aṣọ. Mo rò ó pé ká ní irú èèyàn tí mo jẹ́ lọ́dún tó kọjá ló bá níbẹ̀, ẹni tó ń ka ìwé láìkà á, ilẹ̀ yẹn ì bá ti lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wá ìwé mi àtijọ́ jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò ní tàn yín pé ó ti rọrùn. Ojú ewé kan náà ṣì ń gbà mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àmọ́ tí mo bá dé ibi tó le, mo ń rí ojú arúgbó yẹn, tó ní kí n tún un kà, mo sì ń tún un kà. Ìgbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti mọ ohun tí mò ń lọ ṣe, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó wà níbẹ̀, ó rí i.

Mo padà sí ọdún àkọ́kọ́ fún ìgbà kẹta, láàárín àwọn ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin jù lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá, mo wọ áńfì, mo rí Ìtẹ́olúwa lórí ìlà kẹta. Ìyá rẹ̀ ti bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi gbà. Ọdún kan tí ó sọnù yẹn ló mú kí a tún pàdé nínú kíláàsì kan náà.

Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Mo kàn sọ pé ìlara ni, pé kò ṣẹ̀ mí, pé mi ò ní àwáwí. Mo sọ nípa ọ̀rọ̀ tí mo kọ tí mo pa rẹ́, èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, Húsnà. Màlàvíìlì ni mo ti dárí jì yín, torí pé ẹrù yẹn wúwo jù fún mi láti gbé padà wá síbí." Kò pè mí ní àǹtí. Ó ṣì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń bá gbogbo àgbà sọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a pààrọ̀ nọ́ńbà, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ nílé ìwé, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ó ní, "Rárá. Ẹ ṣeun. Mo ti ń lọ wo ara ògiri fúnra mi báyìí."

Èsì jáde ní oṣù tó kọjá. Ó gba ipò kejì. Èmi gba mọ́kànlá nínú ogún, mo sì bọ́ sí ọdún kejì. Ìyá mi pín ṣúgà fún gbogbo àwọn tí ìsọ̀ wọn yí tirẹ̀ ká.

Ẹ̀yin tí ìwé ti sú, tí ẹ ń wo ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń rí i ṣe, mo mọ bó ṣe ń rí. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má jowú, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo kàn fẹ́ sọ pé ìṣubú ẹni yẹn kò ní fi ojú ewé kan kún ohun tí ẹ mọ̀. Mo ti dán an wò. Ẹ wá ohun tí ẹ fi ń kàwé, kódà bó bá jẹ́ ìsọ̀ aṣọ ni ẹ ti máa rí i. Iṣẹ́ tí wọ́n bá sì rán yín sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ẹ kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Èmi àti Ìtẹ́olúwa jọ máa ń kí ara wa ní áńfì. Ó ń bi mí nípa ìyá mi, mo ń bi í nípa tirẹ̀. Títí di òní tí mò ń sọ èyí fún yín, mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀.